Òkun Àwọn Tí Kò Lókun

Ilẹ̀ Ítálì gùn gbọọrọ wọ inú òkun, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ní rìn jìnnà kí wọ́n tó gbọ́ ariwo ìgbì. Àgbègbè kan wà tí tirẹ̀ yàtọ̀. Umbria kò kan òkun níbì kankan, kò sì bá orílẹ̀-èdè mìíràn pààlà. Àwọn àgbègbè Ítálì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yí i ká. Orí òkè ni àwọn ìlú rẹ̀ wà, igi ólífì àti ọgbà àjàrà ló bo ẹsẹ̀ òkè. Bí oòrùn oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ bá mú, òkúta ara ilé á gbóná títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ibẹ̀ ni mo gbé láti 1981 sí 1985, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Perugia, etí adágún Trasimeno ni mo sì ti rí bí tálákà ṣe ń gbafẹ́ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa Yorùbá pọ̀ díẹ̀ ní Perugia nígbà náà. Yunifásítì àwọn àjèjì wà níbẹ̀, nínú ilé ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Palazzo Gallenga, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí yíya àwòrán ilé ní Ítálì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbọ́ èdè. A máa ń bá àwọn ọmọ Gíríìsì, ọmọ Ìráànì, ọmọ Palẹstínì àti ọmọ Kamẹrúùnù pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Owó ilé kì í tètè dé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1982, ẹlòmíràn nínú wa a máa dúró oṣù mélòó kan kó tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ní báńkì. Nítorí náà, bí mo bá ní mo gbafẹ́, ẹ má rò pé ìtàn ọmọ olówó ni mò ń sọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ni Ferragosto, ọjọ́ ìsinmi tí gbogbo Ítálì ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Olówó á ti gba Rimini lọ, níbi tí wọ́n ti to agboòrùn àti àga sétí òkun lọ bẹẹrẹ, tí wọ́n ń gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àwọn aránṣọ, àwọn awakọ̀ àti àwa akẹ́kọ̀ọ́, adágún ni. Ìyá onílé mi, aránṣọ ni wọ́n, wọ́n ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, wọn kì í sì í tijú sọ ọ́. "Ọmọ mi," wọ́n á ní, "òkun tiwa nìyẹn." Òkun náà tó kìlómítà onígun mẹ́rin 128 ní fífẹ̀. Kò sí adágún tó tóbi tó o ní gbogbo àárín gbùngbùn Ítálì.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló ń gbé wa lọ láti ibùdókọ̀ Fontivegge. Fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ òórùn koríko gbígbẹ wọlé sí wa. Ọkọ̀ á dúró ní Ellera, á dúró ní Magione, àwọn ìyàwó ilé á máa wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Lẹ́yìn Magione, ilẹ̀ á là, omi á sì yọ lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti eérú. Gbogbo àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún á dìde láti wò ó. Àwọn tó ti ń rí i láti kékeré á dìde pẹ̀lú. Mo fẹ́ràn ìdìde yẹn ju ohun tó kù nínú ìrìn àjò náà lọ.

Trasimeno kò jìn. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 6 lọ. Ní Passignano, àti ní etí omi tó wà nísàlẹ̀ Tuoro, ènìyàn á rìn, á rìn, omi á ṣì wà ní ìbàdí. Nítorí àìjìn yìí náà ló fi tètè ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Mo máa ń rí àwọn ìyá àgbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ rárá, tí wọ́n wọ aṣọ ìwẹ̀ dúdú, tí wọ́n dé àkẹtẹ̀, tí wọ́n dúró ní méjì-méjì mẹ́ta-mẹ́ta sínú omi, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ oríkèé tó ń dunni ni, iye tí tòmátì dà lọ́jà ni. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àwọn ọmọdé á máa sáré yí wọn ká, bí ọmọ kan bá ṣubú sínú omi, ìyá tó sún mọ́ ọn jù á na ọwọ́ kan, á gbé e nàró, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kì í wò ó bóyá ọmọ òun ni tàbí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìtòsí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ni èmi dàgbà sí. Wọ́n sé odò ibẹ̀ ní 1942 kí ìlú lè rí omi mu, ohun tí gbogbo ilé sì ń kọ́ ọmọ ni pé kó má dé etí omi náà. Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni, nítorí ọmọ ti bá omi lọ rí ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé mo ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kí n tó rí i pé omi ńlá lè jẹ́ ibi tí ìyá, bàbá, ọmọ àti ìyá àgbà á jọ lọ jókòó sí láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọn kò pọnmi, tí wọn kò pẹja, tí wọn kò bọ odò. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì wù mí.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kantíkantí á jáde láti orí omi, wọn á sù jọ lókè igi bí èéfín, wọn á sì ya bo gbogbo iná tí wọ́n bá tàn ní Passignano. Wọn kì í jẹni, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọ ẹnu, wọ́n ń wọ imú, wọ́n ń kú sínú wáìnì. Àwọn onílé oúnjẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọ́n á pa iná tó wà lókè tábìlì, wọ́n á tan òmíràn síbi tó jìnnà kí àwọn kòkòrò náà lè gba ibẹ̀ lọ. Ẹ̀yin á sì máa jẹun nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ Ajé Àjíǹde kan. Àṣà ni lọ́jọ́ yẹn pé kí gbogbo ìdílé jáde lọ sí ìgbèríko. Ìyá onílé ní kí n bá àwọn lọ sí oko ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, nítòsí Castiglione del Lago, kí n sì mú ọ̀rẹ́ kan dání. Mo mú ẹ̀gbọ́n kan láti Abẹ́òkúta tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá. Inú Fiat kékeré kan ni wọ́n há wa sí, ìkòkò wà lórí ẹsẹ̀ mi, ọmọ kan wà lórí ẹsẹ̀ Bọ̀dá. Nígbà tí a débẹ̀, iná igi ti ń jó. Ẹran àgùntàn wà lórí ààrò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn gbé irin pẹrẹsẹ kan lé ẹyín iná, ó tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sí i lórí, ó fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, ó yí i padà, ó fi eérú gbígbóná bò ó. Nígbà tó là á sí méjì tó sì ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ewébẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárín, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Torta al testo ni wọ́n ń pè é. N kò tíì jẹ búrẹ́dì kankan tó dùn tó o.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwo ẹ̀wà kan jáde. Ẹ̀wà kékeré, òmíràn funfun, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn dúdú, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Wọ́n da òróró ólífì lé e, wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá fi ṣíbí bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó bẹ ìyá náà pé kí wọ́n fi gbígbẹ han òun. Wọ́n lọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti inú àpò, Bọ̀dá sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi èékánná tọ́ka sí ojú rẹ̀.

"Àbúrò, wò ó dáadáa. Ẹ̀wà wa nìyí."

"Ẹ̀wà tiwa báwo, Bọ̀dá? Ní Ítálì?"

"Ẹ̀wà ilé gan-an ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní Perugia, ìyẹn tó tóbi tó ní ilà pupa lára, láti Amẹ́ríkà ló ti wá lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún. Èyí kò bá wọn tibẹ̀ wá. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ará ibí láti ayé àwọn ará Róòmù."

Òtítọ́ ló sọ. Fagiolina del Trasimeno ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Vigna unguiculata ni nínú ìwé àwọn onímọ̀, irúgbìn kan náà tí ìyá mi ń sè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ilẹ̀ etí adágún tó ní ọ̀rinrin ni wọ́n ń gbìn ín sí. Èèpo rẹ̀ kì í gbó pa pọ̀: òní lèyí gbó, ọ̀la nìyẹn, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, àràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sá a, wọ́n á fi igi lù ú, wọ́n á fẹ́ ẹ sínú atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá onílé sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ṣì ń dáko fún onílẹ̀, tí àwọn sì ń pín ìkórè sí méjì, kí òfin 1964 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tuntun mọ́, kò sí oko tí kò ní ẹ̀wà yìí. Ọ̀dọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìgboro, ẹ̀rọ kò lè ká a, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Àwọn arúgbó díẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín kí ìdílé wọn lè rí i jẹ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ Slow Food gbé e dìde, lónìí owó ńlá ni wọ́n ń fi rà á. Ayọ̀ mi ni pé kò kú. Ṣùgbọ́n inú àwo amọ̀ lábẹ́ igi ólífì ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lọ́wọ́ àwọn tí kò gbà á ní ohun iyebíye, tí wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ nítorí pé oúnjẹ àwọn bàbá wọn ni.

Ẹja wọn náà dára. Ní San Feliciano, mo rí ìgèrè tí wọ́n hun, ìrísí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, mo sì rí ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ tí apẹja ń wà gba àárín eèsún. Wọ́n ń se oríṣiríṣi ẹja pọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú tòmátì fún wákàtí gígùn, títí egungun á fi rọ̀.

Erékùṣù mẹ́ta ló wà nínú adágún náà. Èyí tó tóbi jù, Polvese, ti di ti ìjọba ìpínlẹ̀ Perugia láti 1973, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ rìn lábẹ́ igi ólífì ibẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, Isola Maggiore, ni Francis ẹni mímọ́ ti gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ní 1211. Ìyẹn ni àwọn àlejò ń bá lọ síbẹ̀. Ní tèmi, léèsì ló dá mi dúró. Òpópónà kan péré ni abúlé náà ní, àwọn obìnrin sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun òwú funfun. Elena Guglielmi, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tó ni ilé ńlá ibẹ̀, ló mú irú iṣẹ́ tí àwọn ará Ireland ń ṣe wá síbẹ̀ ní 1904, kí aya àwọn apẹja lè ní owó lọ́wọ́. Ìyá kan tẹ́ ọ̀kan sórí ọwọ́ mi. Òdòdó kéékèèké ni, wọ́n so kọ́ra láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ó fúyẹ́ débi pé bí mo bá mí sí i, ó ń gbọ̀n. Ọmọ Yorùbá tó mọ léèsì kò ní rí èyí kó má gbóṣùbà. Àwọn tó ń hun ún kò pọ̀ mọ́ nígbà náà, gbogbo wọn ló ti dàgbà, mi ò sì rí ọmọdébìnrin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní Tuoro, àwa ọmọ Áfíríkà máa ń yangàn díẹ̀. Ibẹ̀ ni Hannibal, ọ̀gágun Carthage láti ibi tí Tùnísíà wà lónìí, ti fi kùrukùru àárọ̀ àti òkè bojú ní 217 ṣáájú ìbí Jésù, tó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Róòmù àti Flaminius olórí wọn sí etí omi. A kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ogun, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn láti tún un sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nípa Trasimeno ni pé kò sí odò kan tó ń gbé omi rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Òjò àti àwọn ìsàn omi kéékèèké ló ń bọ́ ọ, oòrùn ló ń fà á. Bí òjò bá pọ̀, ó ń kún bo oko; bí òjò bá ṣọ̀wọ́n, ó ń lọ. Ní nǹkan bí 1421, Braccio Fortebracci tó jẹ gàba lé Perugia lórí ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè ní San Savino kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Wọ́n gbẹ́ tuntun ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láàárín méjèèjì, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ fa adágún náà gbẹ pátápátá kí wọ́n lè sọ ọ́ di oko. Guido Pompilj, aṣòfin láti Magione, wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun. Nígbà tó di àárín ọdún 1950 sí 1960, ọ̀rọ̀ yí padà: adágún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìyá onílé mi rí i. Wọ́n ní ẹrẹ̀ là lábẹ́ oòrùn, ọkọ̀ àwọn apẹja dojú bolẹ̀ níbi tí omi ti wà rí, àwọn ènìyàn sì ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Àwọn ènìyàn ló tún dá omi padà sí i. Wọ́n darí àwọn ìsàn omi láti apá gúúsù wọ inú rẹ̀. Omi tí àwọn ìyá àgbà yẹn dúró sí nígbà tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ ni apá kan rẹ̀.

Ìgbà mìíràn a máa ń lọ síbi tí wọ́n ti fi kọnkéré sé odò. Adágún Corbara, láàárín Todi àti Orvieto, ni wọ́n ṣe lórí odò Tiber ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 nítorí iná mànàmáná. Ó rẹwà láti òkè, ṣùgbọ́n kò gba ènìyàn mọ́ra bíi Trasimeno. Omi rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹ̀rọ bá ṣe fẹ́, etí rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrẹ̀ pupa wà níbi tó yẹ kí koríko wà. Àwọn bàbá tó ń fi ìwọ̀ pẹja ló ni ibẹ̀. Ní ọ̀sán Àìkú, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ kí rédíò lè máa sọ bọ́ọ̀lù láti pápá kan dé òmíràn, ojú wọn á wà lórí ìwọ̀, etí wọn á wà ní Turin.

Piediluco, nítòsí Terni, ni mo fẹ́ràn ní apá ibẹ̀. Àwọn òkè ló yí i ká, omi rẹ̀ tutù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ gígùn tín-ín-rín fún ìdíje sì ń kọjá láìpariwo. Kò jìnnà sí ìtàkìtì omi Marmore, tí àwọn ará Róòmù fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ní 271 ṣáájú ìbí Jésù nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà fún odò Velino. Lóde òní, ilé iná ń lo omi rẹ̀, wákàtí tí wọ́n bá dá nìkan ni wọ́n sì ń tú u sílẹ̀. Ní Piediluco, òkè kan wà tó ń dá ohùn padà. Apẹja kan wà wá dé iwájú rẹ̀, ó ké ní èdè tirẹ̀, òkè dáhùn. Bọ̀dá bá dìde nínú ọkọ̀, ó ké pe orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú oríkì. Gbohùngbohùn dá gbogbo rẹ̀ padà, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀, kò yí ọ̀kan. Ó ké e lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti rí bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo padà sí Trasimeno ní 2003, ọdún tí ooru ńlá mú Yúróòpù. Ìyá onílé ti dolóògbé. Omi ti sá kúrò létí ní Passignano, koríko ti hù níbi tí a ti ń wẹ̀. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìdáàbòbò láti 1995, ṣùgbọ́n òfin kò lè rọ òjò. Ó tún gòkè lẹ́yìn náà, ó sì tún ti lọ sílẹ̀ gan-an ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọmọbìnrin ìyá onílé ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ẹ̀rọ wà lẹ́nu ibùdó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wú ẹrẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ tó ń lọ sí erékùṣù lè gúnlẹ̀. Inú ń bí i. Ó ní ìpàdé ti pọ̀ jù, omi ti kéré jù, èmi náà sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìrètí tí wọ́n ní báyìí wà lọ́wọ́ àwọn dáàmù tí n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn nígbà náà. Nígbà tí mo wà ní Perugia, wọ́n ń kọ́ ọ̀kan ní Montedoglio, lórí Tiber kan náà, ní apá Tuscany. Ọ̀pá omi ti ń gbé omi rẹ̀ wá sí oko tó wà lágbègbè Trasimeno, kí àwọn àgbẹ̀ má baà máa fa ti adágún mọ́. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí díẹ̀ nínú omi náà wọ adágún fúnra rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn wọn pátápátá. Rimini kò tíì rọrùn fún aránṣọ títí di òní, ọmọbìnrin ìyá onílé sì ti ní ọmọ-ọmọ méjì tí kò tíì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́.